Bàbá wa ò ní pẹ́ kú mọ́, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún, torí inú ilé wa gan-an lọ̀rọ̀ ọ̀hún wà.

Ọ̀gá ilé-ìwé girama tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, ẹni ọdún 78. Àwọn ni Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tiwa ní Iléṣà. Ẹni tó bá kọjá lábẹ́ ọwọ́ wọn mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́: aṣọ wọn kì í hunjọ, wọn kì í pẹ́ dé ibi tí wọ́n bá pè wọ́n sí, wọn kì í jẹun níbi tí ará títì ti lè rí wọn, wọn kì í gbóhùn sókè. Bí àwa ọmọ bá fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi wá: "Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?" Iṣẹ́ tí a kọ́, ẹni tí a fẹ́, orúkọ tí a sọ ọmọ wa, ìbéèrè yẹn ló pinnu gbogbo ẹ̀.

Jẹjẹrẹ pròsítéètì ni dókítà bá lára wọn, ó sì ti wọ eegun ẹ̀yìn kó tó di mímọ̀. Ó ti pẹ́ tí ìtọ̀ ti ń ro wọ́n, wọn ò sọ fún ẹnì kankan, torí wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí àgbàlagbà ń sọ létí ọmọ. Ní báyìí, dókítà ti pè wá jókòó, ó ní ìwòsàn ò sí mọ́, ká máa tọ́jú ìrora.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyí. Bí àlejò bá ti kan géètì, Bàbá á ní ká gbé àwọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ká wọ agbádá fún àwọn, ká gbé àwọn jókòó sí pálọ̀. Ìrora á mú wọn débi pé òógùn á bo iwájú orí wọn, wọ́n á di apá àga mú gírígírí. Àlejò á ní, "Bàbá, ara ńkọ́?" Wọ́n á ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúnkún ló kàn ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀." Tí àlejò bá lọ tán, a ó gbé wọn padà, wọ́n á sì máa kérora títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyá wa àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ jẹjẹrẹ títí a ó fi sìnkú. Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ ti bá àwọn tó máa kun ilé lọ́dà sọ̀rọ̀.

Lóru ọjọ́ kan tó jẹ́ èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ wọn, Bàbá wò mí lójú, wọ́n ní: "Ọmọ mi, gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe. Èwo ni tèmi níbẹ̀?" Mi ò mọ èsì tí mo máa fọ̀. Wọ́n wá dárúkọ àbúrò wọn obìnrin, àǹtí wa tó lóyún sílé ní 1983. Láti ìgbà yẹn ni wọn ò ti bá a sọ̀rọ̀, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ nílé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i. Ìbàdàn ló wà, mo ní nọ́ńbà rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá wa, wọ́n ní oògùn ló ń bá Bàbá sọ̀rọ̀, pé tí àdúgbò bá fi lè rí obìnrin yẹn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ṣé kí n pè é ni, àbí kí n panu mọ́?

Akínlàjà
Pè é. Lónìí.

Ìgbàgbọ́_Ńlá
Ẹ̀yin ará, kí ló dé tí ẹ ń fẹnu ara yín pe ikú lé bàbá olóbàbá lórí? Ẹ gbé wọn lọ sórí òkè, ẹ fi àwẹ̀ ọjọ́ méje gbà á. Dókítà kì í ṣe Ọlọ́run.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. A ti gbàdúrà, a ṣì ń gbà á láàárọ̀ lálẹ́. Eegun ẹ̀yìn Bàbá ò lè gba ọ̀nà òkè.

Nọ́ọ̀sì_Ìdíkàn
Àbúrò, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi yín: oògùn ìrora wo ni Bàbá ń lò? Ibi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ò gbóògùn mọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti wọ eegun rẹ̀, tó sì jẹ́ parasitamọ́ọ̀lù nìkan ló ń lò, ìyà ń jẹ ẹ́ lásán ni. Mọ́fíìnì olómi wà. Ẹnu ni wọ́n fi ń mu ún, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kí ìrora tó padà dé. Bí dókítà tó mọ̀ ọ́n lò bá ń fi í kún un díẹ̀díẹ̀, kì í pa èèyàn, ẹ má fetí sí àwọn tó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le o, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni kí ẹ gba oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ mọ́ ọn. Ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Uganda, Dókítà Anne Merriman dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀ ní 1993, oògùn olómi yìí ni wọ́n sì fi ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé tirẹ̀, lórí ẹní tirẹ̀. Láti 2004 ni òfin wọn ti gba nọ́ọ̀sì tó bá kọ́ iṣẹ́ náà láyè láti kọ ọ́ fún èèyàn. Oògùn olówó gegere kọ́.

Èkejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó: bí ẹsẹ̀ Bàbá bá ń kú tipiri, tàbí ó ń wúwo, bí wọn ò bá lè tọ̀ mọ́, bí wọn ò bá mọ ìgbà tí ìgbẹ́ bọ́ lára wọn, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti ń fún okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ra nìyẹn, bí wọn ò bá sì tètè dá a dúró, ẹsẹ̀ lè rọ pátápátá. Torí ẹ̀ náà ni àyà mi ṣe já nígbà tí mo kà pé ẹ máa ń gbé wọn dìde fún àlejò. Eegun tí jẹjẹrẹ ti jẹ lè ṣẹ́ níbi tí ẹ ti ń fà á.

Ohun kan tí mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́ wa: àwọn tó mọ ojú ayé jù lọ ló máa ń ṣòro jù láti tọ́jú ìrora wọn. Olùkọ́, àlùfáà, ìyàwó olóyè. Tí a bá ní báwo lara, wọ́n á ní a dúpẹ́. Èmi ò kì í bi wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo máa ń ní, "Bàbá, lóru àná, ìgbà wo lẹ rí oorun sùn?" Tàbí, "Ẹ̀gbẹ́ wo lẹ ò lè fi sùn?" Ìbéèrè yẹn kò ní èsì ìkíni, wọ́n á ronú, wọ́n á wá sọ òótọ́. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní.

Olóyè_Àgbà
Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ gba ẹnu àwọn tí kò sí níbí sọ̀rọ̀, ìyẹn ìyá yẹn àti àkọ́bí. Èmi náà ti lé láàádọ́rin ọdún, mo mọ ìlú.

Nígbà tí ìlú bá gbọ́ jẹjẹrẹ, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló ṣe é fún un. Wọ́n á wo ìyàwó lójú, wọ́n á wo àwọn ará ilé. Wòlíì tí ẹ ò pè á gbé òróró dé. Ẹni tí ẹ ò rí látọdún mẹ́wàá á gbé ìgò àgbo wá, á dúró tì yín kí ẹ mu ún lójú òun. Àwọn mìíràn á wá wo bó ṣe gbẹ tó, kí wọ́n lè lọ ròyìn. Ìyá yẹn ń dènà gbogbo ìyẹn fún ọkọ rẹ̀ ni. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ asán ni.

Agbádá yẹn ńkọ́? Òun ló ní kí ẹ wọ̀ ọ́ fún òun. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé iyì kan ró, tí ẹ bá bọ́ ọ lára rẹ̀ lójijì nígbà tí kò lágbára láti fà á padà, ìyà mìíràn lẹ fi jẹ ẹ́. Àwọn baba wa ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ti àbúrò rẹ̀, ẹ pè é, torí ẹnu ara rẹ̀ ló fi béèrè. Àbúrò ni kí ẹ pè o, ẹ má pe àdúgbò.

Ọmọ_Ẹ̀gbá
Ẹ kú ọ̀rọ̀, Olóyè. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí 1997. Fela kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó ní àrùn éèdì ló pa àbúrò òun. Ẹ rántí bí àrùn yẹn ṣe rí lẹ́nu èèyàn nígbà náà. Bó bá pa ará ilé tiyín, ẹ ò ní dárúkọ rẹ̀ láéláé. Ọmọ àlùfáà ni wọ́n, bàbá wọn ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé girama l'Ábẹ́òkúta bíi bàbá Ọmọ Ìjẹ̀ṣà yìí, wọ́n mọ ohun tó yẹ. Síbẹ̀ ó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ́ òkú Fela ní Tafawa Balewa Square, èrò tó wá kò lóǹkà. Ẹ̀sín tí gbogbo èèyàn ń retí kò wá.

Gani Fawehinmi ní tirẹ̀ ò dúró dẹ̀yìn ikú. Ó jẹ́ kí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá òun jà, kó tó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, 2009. Iyì wo ló bọ́ lára rẹ̀?

Olóyè_Àgbà
Fela àti Gani ti bá ayé jà tán kí àìsàn tó dé. Ẹnu ayé ò ṣe tuntun sí wọn. Bàbá tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ò bá ayé jà rí.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà
Ìyẹn gan-an ló ń dùn wọ́n, Olóyè. Ó dà bíi pé ohun tí wọ́n ń sọ fún mi lóru ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Àyìnkẹ́_Peckham
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ìlú London ni mo wà, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Ìbéèrè tí Bàbá bi yín, "Èwo ni tèmi níbẹ̀?", kò pọn dandan kí ẹ fún un lésì. Ẹ má ní, "Háà, Bàbá, ẹ ti gbìyànjú o, ẹ wo gbogbo ọmọ yín." Gbogbo ayé ló ti ń kí wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ ní, "Ẹ máa sọ, mò ń gbọ́."

Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tí wọ́n kọ́ wa. Ní 1948, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ David Tasma ń kú lọ nílé ìwòsàn kan níbí. Júù ni, láti Poland, kò ní ẹbí lọ́dọ̀, iṣẹ́ agbáwo ló ń ṣe. Ẹni ogójì ọdún ni, jẹjẹrẹ ló ń ṣe é. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju jẹjẹrẹ lọ ni pé òun wá sáyé, òun ò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Obìnrin kan wà tó máa ń wá jókòó tì í, Cicely Saunders, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn. Wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí Tasma máa kú, ó fi 500 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún Saunders, ó ní kí òun jẹ́ fèrèsé nínú ilé tí Saunders máa kọ́ fún àwọn tó ń kú lọ. Obìnrin yẹn padà lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ní 1967 ló ṣí ilé náà, St Christopher's, ní Sydenham, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi níbí, ibẹ̀ sì ni ètò họ́sípíìsì òde òní, ìyẹn ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn ò gbóògùn mọ́, ti tàn káyé.

Ohun tí Saunders kọ́ni ni pé ìrora ẹni tó ń kú lọ ò sí nínú ara nìkan. Ó wà nínú ọkàn, ó wà láàárín ẹbí, ó wà nínú ẹ̀mí, bí ẹ bá sì tọ́jú ọ̀kan tí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀, kò ní lọ. Mọ́fíìnì tí Nọ́ọ̀sì sọ, ẹ wá a dandan. Àmọ́ mọ́fíìnì ò lè bá yín pe àǹtí yẹn.

Olùkọ́_Ìjọ
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ilé Bàbá Ìjọ ni, Ìwé Àdúrà ò lè ṣàìsí níbẹ̀. Ẹ ṣí i sí ìlànà Ìbẹ̀wò Aláìsàn. Ìlànà náà ti wà nínú ìwé ti 1662 tí a tú sí Yorùbá. Ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n ní kí àlùfáà ṣe: kó bi aláìsàn bóyá ó ronú pìwà dà ní tòótọ́, bóyá ó wà nínú ìfẹ́ pẹ̀lú gbogbo ènìyàn, kó gbà á níyànjú kó dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, kó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí òun ṣẹ̀, bó bá ti pa ẹnikẹ́ni lára, kó tún un ṣe dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí kò bá tíì ṣe ìwé ìhágún, kó ṣe é, kó sì sọ gbèsè tó jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ ẹ́.

Ẹ gbé ìwé náà lọ bá Ìyá. Ẹ má bá wọn jiyàn rárá. Ẹ ní, "Ìyá wa, ẹ wo bó ṣe yẹ kó rí." Inú ìjọ wa ni mo dàgbà sí, mo sì ń wo bí a ṣe mọ ìlànà ìsìnkú lórí tó, orin wo la ó kọ, ẹgbẹ́ wo ló máa tò ṣáájú, tí a wá fi ojú ìwé tó ṣáájú rẹ̀ yìí sílẹ̀ láìkà. Ó ń dùn mí gidigidi.

Alfa_Ọ̀fà
Mùsùlùmí ni mí, mo kàn ń kọjá ni. Lọ́dọ̀ wa, Ànọ́bì kìlọ̀ pé ẹni tó ń já okùn ìbátan kò ní wọ Àlùjánnà. Ìbẹ̀wò aláìsàn náà, ẹ̀tọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí àbúrò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà fún Bàbá.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà
Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jẹ́ n ròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Dókítà ti fún wọn ní mọ́fíìnì olómi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sùn mọ́jú, Ìyá wa dìde lóru lọ gbọ́wọ́ lé wọn láyà bóyá wọ́n ṣì ń mí.

Mo gbé Ìwé Àdúrà lọ bá Ìyá wa gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ Ìjọ ṣe wí. Wọ́n kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n tún wọ̀ ọ́, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní kí n pe Fíkà, àlùfáà ìjọ wa. Fíkà wá, wọ́n ka ìlànà náà létí Bàbá, nígbà tí wọ́n dé ibi ìfẹ́ pẹ̀lú gbogbo ènìyàn, Bàbá dá wọn dúró, wọ́n ní, "Rárá. Ó ku ẹnì kan."

Àǹtí dé lọ́jọ́ Sátidé, òun àti ọmọ tó fi oyún yẹn bí. Ọkùnrin náà ti lé lógójì, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "Ta nìyí?" Àǹtí ní, "Ọmọ yín ni, bùọ̀dá mi." Bàbá ní kó sún mọ́ wọn, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń wo èékánná rẹ̀, wọ́n ní èékánná bàbá àwọn nìyẹn. Wọ́n wá sọ fún Àǹtí pé: "Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ohun tí mo ṣe sí ẹ kò dáa. Ẹnu àwọn èèyàn ni mò ń bẹ̀rù." Àǹtí ní, "Mo mọ̀. Ó dùn mí, bùọ̀dá mi, ó ṣì ń dùn mí. Àmọ́ mo ti dé." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹtí jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ìpara pa wọ́n lẹ́sẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá ní kí wọ́n gbé àga àwọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn wọn, wọ́n ní bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà ń wu àwọn jẹ. A rà á lọ́wọ́ obìnrin tó ń sun ún lójú títì. Wọ́n jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń kọjá kí wọn, wọ́n dáhùn. Nígbà tí akọ̀wé ìjọ bi wọ́n pé ara ńkọ́, wọ́n ní, "Ara ò le. Ikú ló ń bọ̀ yìí, ẹ bá mi tọrọ kó rọ̀ mí lọ́rùn." Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ o. Bàbá sọ fún Fíkà pé kí wọ́n sin àwọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí aṣọ ẹbí, kí ẹnikẹ́ni má kun ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, pé mo ti ba orúkọ ilé jẹ́.

Olóyè_Àgbà
Mo ka èyí tán, mo ní láti dìde kúrò nídìí fóònù fún ìgbà díẹ̀. Kí Ọlọ́run tù wọ́n lára.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀gbọ́n yín, torí àkọ́bí ni èmi náà. Ẹ má bínú sí i. Lọ́jọ́ tí Bàbá bá kú, òun ni ayé máa wò. Bí òkú bá rí ṣákálá, wọn ò ní sọ pé Bàbá ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní àkọ́bí ya ahun, pé kò rówó sin baba rẹ̀. Àtìkékeré ni Bàbá sì ti kọ́ ọ pé kò sí ohun tó burú tó kí ayé wí bẹ́ẹ̀ nípa èèyàn. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ lọ́wọ́ baba rẹ̀ ló ń ṣe. Ní báyìí, baba ti bọ́ ẹrù yẹn sílẹ̀, ó sì wà lórí ọmọ. Bàbá nìkan ló lè sọ ọ́ kalẹ̀ fún un. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe ọmọ wọn, àwọn méjèèjì nìkan, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún un pé kò jẹ àwọn ní gbèsè ìnáwó kankan.

Olùkọ́_Ìjọ
Olóyè, ẹ ṣeun gan-an ni. Kí wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀, Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kí Bàbá fọwọ́ sí i, kí Fíkà àti akọ̀wé ìjọ ṣe ẹlẹ́rìí. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá bi í ní ọ̀rọ̀, á ní ohun tó máa fi hàn án.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà
Mo ti gbọ́, ẹ̀yin àgbà. Màá bá Bàbá sọ ọ́ lówùúrọ̀ ọ̀la, ìgbà yẹn ni ojú wọn máa ń dá jù.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ìyá mi ní jẹjẹrẹ ọmú, wọ́n fi aṣọ bò ó títí ó fi di egbò, ìrora náà pọ̀. Nọ́ọ̀sì, níbo la ti lè rí irú ìtọ́jú yìí?

Nọ́ọ̀sì_Ìdíkàn
Pẹ̀lẹ́, ìyá. UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka kan fún un, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo wà lára àwọn tó lànà iṣẹ́ náà nílẹ̀ wa. Bí Ìbàdàn bá jìnnà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó bá sún mọ́ yín jù, ẹ béèrè àwọn dókítà tó ń tọ́jú ìrora jẹjẹrẹ, palliative care ni wọ́n ń pe ẹ̀ka náà. Ti egbò náà, bó bá ń rùn, ẹ sọ fún dókítà láìtijú, oògùn wà tí wọ́n ń fi sójú egbò tó máa dín òórùn náà kù, ìyá á sì lè jẹ́ kí èèyàn sún mọ́ àwọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ sọ oògùn tí wọ́n ń lò fún mi, kí n mọ ohun tí ẹ máa bi dókítà.